Iná Ẹ́ńjìnnì àti Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá

Nínú gbogbo iná tí ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kò sí èyí tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń bẹ̀rù tí wọ́n sì tún ń padà fojú tẹ́ńbẹ́lú tó iná kékeré aláwọ̀ ọsàn nì, tí wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sí lára, tí gbogbo wa ń pè ní ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ tí ó bá kọ́kọ́ tàn, àyà ẹni tí ó ni ọkọ̀ a já, a yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a wo ọ̀tún, a wo òsì, a sì tún pa á dé nígbà tí kò rí èéfín, tí kò rí omi tí ń jò, tí kò sì gbọ́ ariwo àjèjì kankan. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tí ọkọ̀ náà ṣì ń rìn, ẹ̀rù a tán. Bí ó bá di oṣù kẹta, iná náà a di ará ilé. Mo mọ àwọn tí wọ́n fi bébà dúdú lẹ̀ ẹ́ pa kí ó má baà máa tàn sí wọn lójú lóru, mo sì mọ àwọn oníṣòwò ọkọ̀ Tòkunbọ̀ tí wọ́n ń yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò pátápátá kí ẹni tí ń bọ̀ wá rajà má baà rí i. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ pé, bí ó bá ti yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnnì tó gbéra rárá, kí ó wò ó bóyá iná yìí tàn. Nítorí èyí tí ara rẹ̀ dá a máa tàn nígbà náà, a sì kú bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án.

Nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ti hu ewú, ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé. Ayé kabúrétọ̀ ni mo bá, nígbà tí kò sí iná kan tí yóò sọ fún ọ pé nǹkan ń ṣe ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ yóò ki ẹnu sikurudíráfà mọ́ ara irin, tí yóò fi ìdí rẹ̀ sí etí, tí yóò dijú, tí yóò sì sọ pé fáàfù kẹta ni ó ń kígbe. Bí a bá sì tú u, a óò bá a bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà wá bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa kanra, wọ́n ní òyìnbó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Ògún Lákáayé, pé ẹ̀rọ ni yóò máa wo ẹ̀rọ sàn. Mo gbọ́, n kò bá wọn kanra. Ẹ́ńjìnnì, a-jẹ-epo-má-yó, a-mí-kanlẹ̀-láìnímú, a-gbé-olówó-gbé-tálákà, kò yí ìwà padà: atẹ́gùn, epo àti iná ni ó ń jẹ láti ayé àwọn baba wa, àwọn náà ni ó sì ń jẹ títí di òní olónìí. Ohun tí ó kàn dé bá a ni pé ó ti wá ní ẹni tí ń bá a ránṣẹ́ síta. Ẹni náà sì lè jíṣẹ́ pé pérépéré, kí àwa tí a gbọ́ ọ ṣì í gbọ́.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí wọ́n fi dá iná yìí sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ẹnu yóò máa yà pé ọkọ̀ òun ń sáré geere, kò gbóná, kò fà sẹ́yìn, síbẹ̀ iná kò kú. Nítorí èéfín ni. Ní ìlú Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kùrukùru kan máa ń bo ojú ọ̀run, a máa ta ènìyàn lójú, a sì máa ba ewé oko jẹ́. Onímọ̀ kẹ́mísírì kan tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, Arie Haagen-Smit, ni ó sì fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 pé èéfín tí ọkọ̀ ń tú jáde, pẹ̀lú epo tí kò jóná tán nínú rẹ̀, ni oòrùn ń yí padà di oró nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ìpínlẹ̀ náà dá ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní 1967, òun ni ó di alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ ni òfin ti ń gun orí òfin: ní ti àwọn ọkọ̀ ọdún 1975, kátálíìsì tí ń pa oró èéfín ti wọ inú sáléńsà èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di ti ọdún 1996, òfin ní gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọn yóò tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè yẹ ara rẹ̀ wò, kí wọ́n máa tan irú iná kan náà, kí wọ́n máa sọ irú kóòdù kan náà, láti ẹnu irú ihò kan náà tí ó ní ojú 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ìbáà ṣe Jàpáánù ni ó rọ ọ́ tàbí Jámánì. Ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2001 fún ọkọ̀ tí ń jẹ bẹntiróòlù. Wọn kò pè wá síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin yìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n bá ti lò tì lọ́hùn-ún ni ó ń gba èbúté Kútọnu àti ti Èkó wọlé tọ̀ wá, òfin wọn sì ń bá ọkọ̀ wọn wọlé.

Bí ó ti ń yẹ ara rẹ̀ wò nìyí. Ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ bẹntiróòlù ń fẹ́ kí ìwọ̀n atẹ́gùn 14.7 pàdé ìwọ̀n epo 1, kí gbogbo rẹ̀ lè jóná láìṣẹ́ kù. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, òun ni ó ń wọn iye tí ó kọjá. Bíréènì ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, a gba iye yẹn, a sì sọ fún nọ́súlù bí epo tí yóò tú ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn wà lọ́nà sáléńsà, tí a ń pè ní ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀, òun ni ó ń tọ́ èéfín wò bóyá atẹ́gùn ni ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tàbí epo. Bí ó bá ní atẹ́gùn ni, bíréènì a bù kún epo. Bí ó bá ní epo ni, a dín in kù. Báyìí ni wọn yóò sì máa bá a bọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ ohunkóhun. Iye tí ó ń bù kún un tàbí tí ó ń dín kù yìí ni òyìnbó ń pè ní fuel trim, síkánà tí ó bá dára, ẹ̀rọ tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ bíréènì, a sì máa fi í hàn ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá rọ̀ mọ́ òdo, ara le. Bí ó bá ti kọjá 10, kí a ti máa fura. Bí bíréènì bá wá ń bù kún un títí tí ó fi kan ògiri ibi tí wọ́n gbà á láyè dé, tí ó sábà máa ń wà ní sàkáání 25, tí ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ sì ń ké síbẹ̀ pé atẹ́gùn pọ̀, a jẹ́ pé ọ̀ràn ti ju agbára rẹ̀ lọ; bí ó bá sì tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá tún gbé ọkọ̀ náà jáde, iná a tàn.

Ẹni tí ó bá ki síkánà bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn yóò rí kóòdù: lẹ́tà kan, àmì mẹ́rin a sì tẹ̀ lé e. P ni ti ẹ́ńjìnnì àti gíá, B ni ti ara ọkọ̀, C ni ti bíréèkì àti ẹsẹ̀, U ni ti bí àwọn bíréènì inú ọkọ̀ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Síkánà olówó pọ́ọ́kú ti kún ìgboro báyìí, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba òmìnira pàápàá ní ọ̀kan nínú àpò. Bí ó bá ti rí P0171, tí ẹ̀rọ sọ fún un pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ, a rántí pé ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ ni ó gbé ìròyìn náà wá, a sì sáré lọ ra ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ tuntun.

Ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n ilé Ifá ni wọ́n ti bí bàbá mi, mo sì ti jókòó lẹ́bàá ọpọ́n rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí babaláwo bá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀ tí odù sì yọ, kì í dìde lójú ẹsẹ̀ kí ó ní kí a lọ ra ewúrẹ́. Ó kù kí ó fi ìbò béèrè bóyá ire ni tàbí ibi. Bí ó bá jẹ́ ibi, kí ó béèrè bóyá ikú ni, bóyá àrùn ni, bóyá ẹjọ́ ni, bóyá òfò ni. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan a sì máa dí ọ̀nà kan pa, títí ọ̀nà yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Kóòdù tí síkánà mú jáde, odù tí ó yọ ni. Ìbò kù lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

Màmá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi, irú èyí tí ìgboro sọ ní Big Daddy. (Ọmọ Nàìjíríà kò ní ṣàì fún ọkọ̀ lórúkọ: a ní Big Daddy, a ní Muscle, a ní End of Discussion, ẹni tí ó bá ní ayé oríkì ti kọjá, kí ó wá sí gárééjì wa.) Iná ọkọ̀ Màmá tàn, wọ́n gbé e lọ síbì kan, wọ́n pààrọ̀ ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀, iná kú, inú wọn dùn; kò pẹ́, ó tún tàn; wọ́n ní èyí tí wọ́n rà ni kò dára, wọ́n ra òmíràn, ó tún tàn.

“Bàbá Ṣeun,” ni Màmá wí, “wọ́n ní olóòótọ́ ni yín, ìyẹn ni mo ṣe wá. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ óò tún ní kí n ra sẹ́ńsọ̀, ẹ tètè sọ ọ́, kí n ta ọkọ̀ yìí kí n máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.”

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀ ma,” ni mo dáhùn. “A kò tíì ní ra nǹkan kan. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ ná.”

Ìgbà wo ni ó kọ́kọ́ tàn? Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo ni, ilé epo wo sì ni? Ṣé òjò rọ̀ sí i? Ṣé ní òwúrọ̀ tí ó tutù ni, àbí nígbà tí ó ti gbóná? Ṣé ojú ọ̀nà Èkó ni, àbí inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá? Ta ni ó fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí kẹ́yìn, kí ni ó sì ṣe sí i? Èyí tí mo béèrè kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òun ni ó máa ń lérè jù. Màmá ronú, wọ́n ní kò pẹ́ rárá tí wọ́n ṣe sáfíìsì fún un, tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà, ni iná bẹ̀rẹ̀. Àti pé ọkọ̀ náà a máa gbọ̀n díẹ̀ bí ó bá dúró níbi iná ojú pópó, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń sáré, kò sí nǹkan tí ó ń ṣe é. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìwé ìdánwò ọmọ kéékèèké kì í sọ ìsọkúsọ. Mo fi ọ̀rọ̀ Màmá sọ́kàn.

A ki síkánà bọ̀ ọ́, P0171 ni. Ohun kan wà tí ẹ̀rọ máa ń ṣe tí púpọ̀ nínú wa kì í yà síbẹ̀ wò: lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ti mọ àléébù kan, a kọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà ní àkókò náà sílẹ̀, a sì fi pamọ́. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣí: ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, ìsáré ọkọ̀ wà ní 0, sílóò ni ó wà, tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́rọ́tù. Ọ̀rọ̀ Màmá àti ti ẹ̀rọ ṣe déédéé. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi sí ọkọ̀, kí a wo iye tí bíréènì ń bù kún epo: ní sílóò, 24. Mo ní kí ó tẹ ẹ́ dé ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó dì í mú síbẹ̀. Iye náà ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó sórí 5.

Mo bi ọmọ iṣẹ́ náà léèrè ohun tí ó rí. Ó ní ó dà bí ẹni pé ó ti sàn. Mo rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ pé páǹpù epo ni kò lágbára mọ́, tàbí pé fítà epo ni ó dí, bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ sí i ni ìyà epo ìbá máa pọ̀ sí i, nítorí ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè epo púpọ̀, iye yẹn ìbá sì gòkè. Ṣùgbọ́n bí ihò kan bá wà tí ń fa atẹ́gùn tí sẹ́ńsọ̀ kò kà wọlé, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí díẹ̀díẹ̀ ní sílóò ni ohun tí ihò náà ń fà yóò hàn jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń mí kanlẹ̀, ìwọ̀nba atẹ́gùn yẹn a sọnù sínú ọ̀pọ̀. Ìbò ti fọhùn. Ihò ni à ń wá, ó sì ní láti wà láàrin sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn atẹ́gùn àti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀.

A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú kò rí nǹkan. Họ́ọ̀sì rọ́bà dúdú tí ó so ilé fítà atẹ́gùn mọ́ tọ́rọ́tù, tí wọ́n ṣe ìṣẹ́po yí i ká kí ó lè máa tẹ̀, wà ní ipò rẹ̀; kílípù tí ó dì í lọ́rùn le dáadáa. Mo fi ọwọ́ ra abẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò dé, ó sì dà bí ẹni pé rọ́bà náà yàtọ̀ lábẹ́ ìka mi níbì kan. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin kí ó fi gíá sí D. Ẹ́ńjìnnì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìṣẹ́po kan lábẹ́ họ́ọ̀sì náà sì la ẹnu, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi tí ó kéré jù. Eruku pupa ilẹ̀ wa ti dì mọ́ ètè rẹ̀ méjèèjì, àyàfi ojú ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé gan-an, tí ó mọ́ fónífóní. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí i. Ìró ẹ́ńjìnnì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró, iye ojú síkánà sì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Ẹni tí ó pààrọ̀ fítà ni ó ti fi ipá tẹ họ́ọ̀sì tí ọjọ́ orí ti mú gbẹ, kí ó lè ráyè ṣí ilé fítà. Òmíràn tí a rà ní Àràròmí, ní Agodi Gate, àlòkù láti òkè òkun, kò tó ìdá mẹ́rin owó sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo.

Kò sí ohun tí ó ṣe àwọn sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ti ń yọ dànù. Atẹ́gùn pọ̀ nínú èéfín, wọ́n ní atẹ́gùn pọ̀. Ẹni tí ó ké pé ilé ń jó, a kì í nà án lẹ́gba. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; ẹni tí ó bá sì ka kóòdù tán tí ó dìde lọ sọ́jà ti dá ẹjọ́ náà nígbà tí ẹnìkan ṣoṣo ṣì ń rò. Ọ̀ràn a sì tún máa jìnnà ju họ́ọ̀sì lọ nígbà mìíràn, nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti òkè òkun wọ orílẹ̀-èdè yìí. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ní ọ́síjìn nínú ara tirẹ̀, nítorí náà ó ní láti pọ̀ ju bẹntiróòlù lọ kí ó tó lè tó ìwọ̀n atẹ́gùn kan náà. Bíréènì ọkọ̀ tí wọn kò ṣe fún irú epo bẹ́ẹ̀ yóò máa bù kún un, bù kún un, títí yóò fi sú u. Kóòdù P0171 yìí kan náà lè yọ nínú ọkọ̀ tí ohunkóhun kò ya, tí ohunkóhun kò dí, tí ó jẹ́ pé inú táńkì ni ẹjọ́ wà. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, iye tí à ń wò yóò ga ní sílóò, yóò sì tún ga nínú eré. Ìdí nìyí tí n kò fi lè ṣàì béèrè ilé epo tí a ti ra epo.

Ìgbà kan wà tí n kì í gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó ro ẹjọ́. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, tí ó ń tàn tí ó ń kú, kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, kí ó wá ibi dúró sí. Sílíńdà kan ni ó ń kọṣẹ́, epo tí kò jóná sì ń ṣàn lọ sínú sáléńsà, ó ń lọ gbiná nínú kátálíìsì, èyí tí yóò máa gbóná títí inú rẹ̀ yóò fi yọ́. Kọ́ìlì tí ó ti kú tàbí púlọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ ni ó sábà máa ń fà á. P0301 ni ti sílíńdà kìíní, P0302 ni ti ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó. Níbẹ̀ pàápàá, kò yẹ kí á rajà láìbéèrè: bí ó bá jẹ́ ìkejì, mo máa ń gbé kọ́ìlì rẹ̀ fún ìkẹta, mo sì ń gbé ti ìkẹta fún òun, bí àìsàn bá bá kọ́ìlì lọ, ọwọ́ ti ba ọ̀daràn, bí ó bá dúró síbi tí ó wà, kí a wo púlọ́ọ̀gì, kí a wo nọ́súlù, kí a wọn bí sílíńdà náà ṣe ń di atẹ́gùn mú tó. Kò náni ní kọ́bọ̀. Àwọn iná pupa, ti ọ́ìlì àti ti ooru, tún ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Mo ti rí ẹni tí ó gbé ọkọ̀ wá nítorí ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì nígbà tí iná ọ́ìlì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ilé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn kéékèèké pọ̀ tí n kò ní fi wọ́n gùn jù. P0455 lè jẹ́ ìdérí táńkì epo tí ọmọ ilé epo kò dé le. P0128 ní ẹ́ńjìnnì kò tètè gbóná tó, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé mẹkáníìkì kan ti yọ tẹmosítáàtì dànù nítorí ìgbàgbọ́ tí ó gbilẹ̀ láàrin wa pé ilẹ̀ olóoru kò nílò rẹ̀. Mo ti bá àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ jà lórí èyí, n kò sì tíì ṣíwọ́.

P0420 ni ó ń bí mi nínú jù, nítorí ọmọ ènìyàn kì í jìnnà sí ìdí rẹ̀. Kátálíìsì ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àpótí inú sáléńsà tí ń sọ oró èéfín di ohun tí ó rọrùn. Pílátínọ̀mù, páládíọ̀mù àti ródíọ̀mù ni wọ́n fi kun inú rẹ̀, irin tí ó ń gba owó gọbọi lọ́jà ayé, nítorí náà ni àwọn tí ń ra kátálíìsì ṣe ń rìn láti gárééjì dé gárééjì. Bàbá ẹlòmíràn gbé ọkọ̀ wá fún bíréèkì lásán, ó gbé e padà lọ sílé tòun ti páìpù òfìfo lábẹ́, kò sì mọ̀ ju pé ohùn ọkọ̀ òun ti le díẹ̀. Ẹlòmíràn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà á. Lẹ́yìn náà ni iná yóò tàn, wọn yóò sì wá ẹni tí yóò fi irin gbọọrọ kan sún ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn kúrò lójú èéfín, kí ó má baà rí òótọ́ sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo P0420 ni ti olè. Mo máa ń wo sẹ́ńsọ̀ méjèèjì pọ̀: ti iwájú gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò láàrin 0.1 àti 0.9 fóòtì, ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá ń jó ijó tí ti iwájú ń jó, kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kí a tó dá a lẹ́bi, kí a wò ó bóyá sáléńsà ń fa afẹ́fẹ́ níbì kan ṣáájú rẹ̀, nítorí ìyẹn a máa purọ́ mọ́ ọn. Bí ó bá sì jẹ́ lóòótọ́ ni ó kú, kí a béèrè ohun tí ó pa á. Ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ ọ́ìlì yóò pa tuntun tí a bá rà bí ó ti pa ti àtijọ́, nítorí bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Àwọn kan ní ọgbọ́n tiwọn, wọn a yọ orí bátìrì, wọn a dúró díẹ̀, wọn a tún un dè, iná a sì kú. Pẹ̀lú iná náà ni wọ́n ti nu kóòdù nù, àti gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kọ pamọ́, àti gbogbo ìdánwò tí ọkọ̀ ti ṣe fún ara rẹ̀. Síkánà yóò sì fi hàn kedere pé àwọn ìdánwò náà kò tíì parí, ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń ra ọkọ̀ Tòkunbọ̀ béèrè kí ó tó kówó sílẹ̀. Iná a tilẹ̀ máa kú fúnra rẹ̀ bí a bá wa ọkọ̀ nígbà mẹ́ta léraléra tí àléébù náà kò hàn mọ́, ṣùgbọ́n kóòdù rẹ̀ a wà níbẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi tutù tí yóò sì gbóná ní ìgbà 40. Bí ẹnìkan bá wí fún mi pé iná náà tàn láná, ó sì kú lónìí, mo ní kí ó gbé ọkọ̀ wá bí ó ti wà, kí ó má jẹ́ kí réwáyà kankan fọwọ́ kan bátìrì.

Owó àyẹ̀wò ni ó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀. Ènìyàn yóò san owó sẹ́ńsọ̀ láìjanpata, nítorí ó rí i nínú páálí, ṣùgbọ́n bí o bá fi ọ̀sán béèrè ọ̀rọ̀, tí o fetí sílẹ̀, tí o wo iye tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀, tí o wá rí ihò kan lábẹ́ rọ́bà, yóò ní, “Kí ni ẹ tilẹ̀ ṣe níbẹ̀?” Nítorí èyí ni àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń bu owó iṣẹ́ wọn mọ́ ọjà tí wọ́n bá rà, tí ó fi di pé ẹni tí kò ra nǹkan kò jẹun. Èmi kọ iye tí mò ń gbà fún àyẹ̀wò sára pátákó lẹ́nu géètì. Bí mo bá tún ọkọ̀ náà ṣe, mo ń yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́; bí olówó rẹ̀ bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn, mo ń kọ kóòdù, iye tí mo rí ní sílóò, iye tí mo rí ní 2,500 àti ohun tí mo rò pé ó fà á sórí ìwé fún un. Àwọn kan ń gba ìwé náà pẹ̀lú ìkanra, wọn a ní òyìnbó ni mo ń ṣe. Wọ́n ń sanwó ṣáá.